Ta Ni Yóò Tún Odi Mọ? Ojúṣe Aládùúgbò lórí Ògiri àti Ààlà, láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Èkó

Ní oṣù kìíní ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò kan láti ilẹ̀ Scotland, wọ Ọ̀yọ́ Ilé pẹ̀lú ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ gíga yí ìlú náà ká, pé yàrà gbígbẹ wà ní ẹ̀yìn odi, àti pé igbó dídí wà ní àyíká wọn. Clapperton kú sí Sókótó ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1830, Lander tún padà wá, ó sì mú àbúrò rẹ̀, John, lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì wo odi kan náà. Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn ará ìlú ti jẹ́ kí odi náà bàjẹ́, ó ti di òkìtì erùpẹ̀. Kí ọdún 1840 tó pé, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro.

Ó ṣeé ṣe kí ojú tí àwọn àlejò yìí fi wo ìlú ní ọwọ́ nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àkọsílẹ̀ méjèèjì. Gíga odi ni ẹni tí ó kọ́kọ́ dé máa ń rí. Ibi tí ó ti sán ni ẹni tí ó padà wá máa ń rí. Síbẹ̀, ọdún mẹ́rin kò kéré fún odi amọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bojú tó. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni odi Ọ̀yọ́ Ilé wó láàárín 1826 sí 1830, kì í ṣe ọ̀tá ni ó wó o. Òjò ni. Ohun tí ó sì yẹ kí òpìtàn béèrè ni pé: àwọn wo ni ó yẹ kí wọ́n ti tún un mọ, kí sì ni kò jẹ́ kí wọ́n wá?

Àwọn òpìtàn kò fi ọ̀rọ̀ odi ìlú ṣeré. J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n kọ lórí ogun jíjà nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èyí tí ó jáde ní 1964. Orúkọ ẹni tí ó mọ odi kì í sì í parẹ́ bọ̀rọ̀: títí di òní ni a ń dárúkọ Odi Ìbíkúnlé, èyí tí Balógun Ìbíkúnlé mú kí a mọ yí Ìbàdàn ká ní nǹkan bí ọdún 1858. Àtúnṣe ni ìtàn kì í kà sí. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ odi tí a fi orúkọ ẹni tí ó tún un ṣe pè, bẹ́ẹ̀ ni odi tí a kò tún ṣe fún ọdún mélòó kan kì í ṣe odi mọ́, bí ó ti wù kí orúkọ ẹni tí ó mọ ọ́n lókìkí tó.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni pé, ní ilẹ̀ Yorùbá kí àwọn òyìnbó tó gba àkóso, kì í ṣe ẹni tí ó ni ògiri ni a fi ń mọ ẹni tí yóò tún un ṣe, bí kò ṣe ẹni tí ògiri náà yí ká. Nígbà tí ògiri tí ó yí àwọn aládùúgbò ká wá di ògiri tí ó dúró sí àárín wọn, ojúṣe àtúnṣe pàdánù ẹni tí ń pè é, òfin tuntun tí ó dé sí Èkó kò sì rí ẹlòmíràn fi rọ́pò rẹ̀.

Agbo tí ògiri yí ká

Samuel Johnson parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé náà kò jáde títí di 1921. Ẹ̀dà tí òun fúnra rẹ̀ kọ sọnù, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. (Ìwé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ odi tí ẹbí tún mọ.) Lára ohun tí ó wúlò jù nínú rẹ̀ ni àpèjúwe agbo ilé àti bí a ṣe ń kọ́ ọ. Àwọn yàrá tò yí àgbàlá ká, ẹnu ọ̀nà ńlá kan ni gbogbo ará ilé ń gbà wọlé, wọ́n sì ń gbà jáde. Ẹ̀yìn yàrá ni ó kọjú sí ìta. Èyí túmọ̀ sí pé ògiri ẹ̀yìn yàrá ẹnì kan ni ògiri agbo ilé ní ibi tí ó dé. Bí ti Àjàyí bá wó, ilé Àjàyí nìkan kọ́ ni ó ṣí sílẹ̀. Olè, ẹranko àti òjò ti rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ará ilé.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Agbo ni ohun tí ó ṣe róbótó, bí agbo ijó, bí àwọn èèyàn tí ó pagbo yí nǹkan ká. Kò sí ẹni tí ó lè fa apá kan agbo yọ kí ó ní agbo ṣì wà. Ọ̀rọ̀ ọgbà náà rí bẹ́ẹ̀: orúkọ kan náà ni a fi ń pe igi tàbí ẹ̀gún tí a fi sọgbà àti ilẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Èdè Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ ya ohun tí ó ṣọ́ni sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ń ṣọ́.

Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé iṣẹ́ ògiri kì í ṣe iṣẹ́ àdáṣe. Johnson kọ ọ́ pé àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni wọ́n jọ ń kọ́lé, láìgba owó. N. A. Fadipe, ẹni tí ó parí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1939, ṣe àlàyé ọ̀nà méjì tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pín sí. Àáró ni ti àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yí iṣẹ́ ká: lónìí lọ́dọ̀ tèmi, lọ́la lọ́dọ̀ tìrẹ, ẹni tí kò bá sì wá sí ti ẹnìkejì mọ̀ pé ẹnìkan kò ní í wá sí tòun. Ọ̀wẹ̀ ni ti ẹni tí ó ní iṣẹ́ ńlá tí ó bẹ àwọn èèyàn, tí ó sì pèsè oúnjẹ àti ohun mímu fún wọn. Ọ̀wẹ̀ àna sì wà, èyí tí ọkọ ìyàwó kò lè ṣàì jẹ́. Nínú méjèèjì, ojúṣe kò dá lórí ẹni tí ògiri náà jẹ́ tirẹ̀. Ìbátan tí ó wà láàárín èèyàn sí èèyàn ni ó gbé e ró.

Ibi tí ilẹ̀ ti pààlà ní oko yàtọ̀. Níbẹ̀, ohun tí a nílò kì í ṣe ohun tí yóò dí ọ̀nà, àmì ni. Pèrègún ni gbogbo èèyàn mọ̀. A gé ọ̀pá rẹ̀, a rì í mọ́lẹ̀, ó sì hù. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í pa á, bẹ́ẹ̀ ni ewé rẹ̀ kì í wọ́wé bí ti àwọn igi mìíràn. Àǹfààní tí àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa pèrègún kì í sábà mẹ́nu bà ni pé kò nílò àtúnṣe. Àwọn tí wọ́n fi í pààlà ti yanjú ọ̀rọ̀ ta ni yóò tún ààlà ṣe kí ó tó di ìjà, nítorí ohun tí ó ń tún ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Ìjà lè wà lórí ẹni tí ó hú u, tàbí ẹni tí ó gbìn ín kọjá ibi tí ó yẹ, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ ẹ̀sùn ìwà, kì í ṣe ẹ̀sùn àìtúnṣe.

Ohun kan wà tí ó fi hàn gbangba pé àtúnṣe lè di òṣùwọ̀n ìjọba. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni àkókò tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin máa ń kó koríko bẹẹrẹ wá fún un. Koríko yìí ni a fi ń bo ilé. S. O. Babayemi ti kọ̀wé lórí ọdún náà, ó sì hàn nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ pé koríko náà ju koríko lọ: ìlú tí ó bá mú bẹẹrẹ wá ti gbà pé òun wà lábẹ́ Aláàfin, ìlú tí kò bá mú un wá ti sọ tirẹ̀ láìlanu. Èyí ni ó jẹ́ kí àkọsílẹ̀ àwọn Lander ní 1830 wúwo ju bí wọ́n ti rò lọ. Àfọ̀njá ti mú Ìlọrin kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ìlú ló ti ṣe bẹ́ẹ̀, ogun sì ti lé àwọn èèyàn kúrò ní oko àti ilé. Ìjọba tí kò lè pe àwọn ìlú kí wọ́n mú koríko wá kò lè pe àwọn ará ìlú kí wọ́n wá po amọ̀.

Ohun tí òjò ń ṣe fún odi

Ẹni tí kò bá po amọ̀ rí lè rò pé odi tí a mọ tán ti parí. Láti inú ilẹ̀ tí a gbẹ́ nídìí odi ni amọ̀ rẹ̀ ti ń wá; ihò tí ó kù ni ó di yàrà. A ó da omi sí erùpẹ̀, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, a ó sì tò ó ní ìpele ìpele, kí ti ìsàlẹ̀ gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ sórí odi, inú yàrà ni ó ń ṣan erùpẹ̀ rẹ̀ sí. Ìyẹn ni pé bí odi ti ń rẹlẹ̀ ni yàrà ń kún, ìlú ń pàdánù ààbò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àtúnṣe odi sì ni kí a padà sínú yàrà, kí a kó erùpẹ̀ tí ó wọ́ lọ síbẹ̀, kí a pò ó, kí a sì gbé e padà sókè. Ohun kan náà ni a ń gbé lọ gbé bọ̀ lọ́dọọdún.

Àkókò iṣẹ́ yìí kò gùn. Nígbà òjò, amọ̀ kò gbẹ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú jù, omi jìnnà. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni ó dára jù, ìgbà yẹn gan-an ni a ń kórè, tí a ń bo ilé, tí àwọn ológun sì ń palẹ̀ mọ́ láti jáde. Kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan ni kì í jẹ́ kí a tún odi ṣe.

Òwe àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. A sábà máa ń pa á nípa ọ̀dàlẹ̀ inú ilé. Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tí òwe náà gbà láìjiyàn: kò sí ẹni tí ó bá aláǹgbá wí. Aláǹgbá ń ṣe ohun tí aláǹgbá ń ṣe. Àwọn tí ó wà nínú ilé, tí wọ́n rí i pé ògiri lanu, ni ọ̀rọ̀ kàn.

Àró, oṣù kẹta ọdún 1851

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le tó Abẹ́òkúta. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí ogun ti tú ìlú wọn ká, tẹ̀ dó sí abẹ́ Olúmọ pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ ní iwájú wọn. Wọn kò fi ìlú wọn àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n kó wọn wá. Ará Aké, ará Gbágùrá, ará Òkè-Ọnà, lẹ́yìn náà àwọn ará Òwu, ìlú kọ̀ọ̀kan dúró pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, Ògbóni rẹ̀ àti àwọn Olórógun rẹ̀. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kú ní 1845, kò sí ẹnì kan tí gbogbo wọn jọ ń pè ní olórí ní tòótọ́. Ọdún 1854 ni Òkúkẹ́nù, tí í ṣe Ṣàgbùà, tó di Aláké.

Gbogbo ìlú yìí wà nínú odi kan ṣoṣo, odi tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 29. Bí a bá fi í ṣe ìṣirò lásán, kí a sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní mítà mẹ́ta péré láti bójú tó, èèyàn tí ó lé ní 9,600 ni yóò gbà. Fífi tipátipá mú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wá sẹ́nu iṣẹ́ kò ṣeé ṣe fún ìlú tí kò ní ọba kan. Wọ́n ní láti gbà. Èyí sì ni ibi tí ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta ti jọ ọ̀rọ̀ aládùúgbò méjì ju bí ó ti jọ ọ̀rọ̀ ìjọba lọ: ìlú púpọ̀ tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kò sí èyí tí ó lè pàṣẹ fún èkejì, tí wọ́n sì pín ògiri kan. Bí apá kan bá lanu ní ẹ̀yìn ilé àwọn ará ìlú kan, ìlú tí ó jìnnà sí ibẹ̀ lè rò pé kò kan òun, títí ọjọ́ tí ọ̀tá bá gba ibẹ̀ wọlé.

Ọ̀tá náà ń bọ̀. Gezo, ọba Dàhọ̀mì, ti pinnu láti kọlu Abẹ́òkúta. John Beecroft, aṣojú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dé Abọ́mì ní 1850, ó sì gbọ́ ohun tí ọba náà ń gbèrò. Ní oṣù kìíní ọdún 1851 ó dé Abẹ́òkúta, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ìjòyè. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìgbà tí ó pẹ́ díẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì fi máa dé, apá kan odi ti rí àtúnṣe, apá kan kò sì tíì rí i.

Saburi Biobaku, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn aládùúgbò wọn, èyí tí ó jáde ní 1957, wà lára àwọn tí wọ́n ti to ìtàn ogun yìí. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù níbí ni ipa tí Ìṣàgá kó. Ìlú kékeré ni Ìṣàgá, ó wà ní ojú ọ̀nà tí ogun Dàhọ̀mì gbà wá. Àwọn ará Ìṣàgá gba àwọn ọmọ ogun náà bí ọ̀rẹ́, wọ́n sì gbà wọ́n nímọ̀ràn. Èrò Dàhọ̀mì tẹ́lẹ̀ ni láti gba ibi tí odi ti bàjẹ́ wọlé. Ìṣàgá ní kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n gba ẹnubodè Àró. Ní Àró ni odi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àtúnṣe.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun Gezo, ọkùnrin àti obìnrin, dojú kọ odi tí amọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun. Àwọn obìnrin ogun náà gbìyànjú láti gun un. Àwọn Ẹ̀gbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì lé wọn padà. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, wà ní ìlú lọ́jọ́ náà. Gezo pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ogun. Ọmọ rẹ̀, Glele, padà wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 1864, Àró náà ni ó tún kọlù, òun náà kò rí ìlú náà kó. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, ní 1862, ó ti pa Ìṣàgá run, ó sì kó àwọn ará rẹ̀ lẹ́rú.

A sábà máa ń sọ ìtàn yìí láti yin akíkanjú àwọn Ẹ̀gbá, wọ́n sì yẹ fún ìyìn. Bí a bá fi ojú àtúnṣe wò ó, ohun mìíràn hàn tí kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún gbọ́. Ìlú tí ó tún apá kan odi rẹ̀ ṣe, tí ó fi apá kan sílẹ̀, yè nítorí pé àwọn ará ìta, tí odi náà kò yí ká, darí ọ̀tá sí apá tí ó lágbára. Ìṣàgá san gbèsè ibi tí odi Abẹ́òkúta lanu, ìlú tiwọn sì ni wọ́n fi san án. Ní òṣùwọ̀n tí àpilẹ̀kọ yìí ń tọ̀, Ìṣàgá kò jẹ Abẹ́òkúta ní mítà odi kan. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni ẹ̀san dé bá wọn.

Láti odi sí ojú ọ̀nà

Ogun Kírìjì parí ní 1893. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì ti gba Abẹ́òkúta kọjá. Ìlú tí ó wà láìsí ogun kò nílò odi mọ́, kò sì sí ẹni tí ó pa á láṣẹ kí a wó o. A kàn dẹ́kun àtúnṣe ni, òjò sì ṣe ìyókù. Ní ibi púpọ̀, ilé kọjá odi, yàrà sì di ibi tí a ń da pàǹtírí sí.

Ṣùgbọ́n agbára láti pe àwọn èèyàn jáde kò parẹ́ pẹ̀lú odi. Ojú ọ̀nà ni ó gbé e lọ. Àwọn ìjòyè tí ó ti ń pe ará ìlú sí iṣẹ́ odi ni ìjọba ní kí wọ́n pè wọ́n sí iṣẹ́ ọ̀nà, láìsan owó, orúkọ tí a sì fún un ni pé àṣà ìlú ni. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí a pè rí kíákíá. Odi yí wọn ká. Wọ́n sùn nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n tún un mọ. Ọ̀nà gba iwájú ilé wọn kọjá, ó ń lọ síbi tí wọn kò mọ̀, ẹrù ẹlòmíràn ni ó ń gbà á. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀nà yìí wà ní ìdí wàhálà Ìjẹmọ̀ ní 1914, nígbà tí àgbàlagbà kan tí a tì mọ́lé kú sí àhámọ́, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọdún náà ni òmìnira ìjọba Ẹ̀gbá dópin. Ní 1918, Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀. Owó orí tuntun ni a mọ̀ jù nínú ohun tí ó fà á, iṣẹ́ ipá tí kò lówó sì wà lára rẹ̀.

Nígbà tí àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn tí ó lòdì sí iṣẹ́ ipá ní 1930, wọ́n yọ iṣẹ́ kékeré tí ará àdúgbò ń ṣe fún àǹfààní ara wọn sílẹ̀. Wọ́n fi gbèdéke kan sí i: àwọn ará àdúgbò tàbí aṣojú wọn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ pé kí a gbọ́ tẹnu wọn lórí bóyá iṣẹ́ náà pọn dandan. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń jókòó sọ ọ̀rọ̀ ní ilé Ògbóni yóò dá ohun tí wọ́n ń wí mọ̀.

Ògiri àárín àjèjì méjì

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn tipẹ́. Ọdún 1861 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà, ní 1863 wọ́n sì ṣe é ní òfin pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa lò níbẹ̀. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní ìwé lórí ilẹ̀. Àwọn Sàró dé, àwọn Àgùdà dé láti Brazil, awọnlẹ̀ fa ìlà, ilẹ̀ sì di ojúlé tí ó ní igun mẹ́rin àti nọ́ńbà. Ògiri tí a wá ń mọ kì í ṣe èyí tí ó yí agbo ká mọ́. Ó dúró sí àárín ẹni méjì tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ ìlú ara wọn.

Kí ni òfin tuntun náà wí nípa ẹni tí yóò tún irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ yà ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu títí di òní: lápapọ̀, kò sí ẹni tí ó di dandan fún. Òfin àjogúnbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan lé ẹnikẹ́ni láti sọgbà yí ilẹ̀ ara rẹ̀ ká, kò sì fi dandan lé e láti tún ọgbà tí ó wà níbẹ̀ ṣe nítorí aládùúgbò. Ó lè dé bá a nípasẹ̀ àdéhùn. Ó sì lè dé bá a nípasẹ̀ ìṣe ọjọ́ pípẹ́. Ẹjọ́ Lawrence àti Jenkins, tí a dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1873, dá lórí ọ̀nà kejì yìí. Igi tí a gé ní ilẹ̀ ẹnì kan ṣubú lu ọgbà ààlà, ó sì fọ́ ọ. Màlúù aládùúgbò gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n jẹ ewé igi olóró, wọ́n sì kú. Ilé-ẹjọ́ dá ẹni tí ó yẹ kí ó tún ọgbà náà ṣe lẹ́bi, nítorí pé ẹ̀rí wà pé fún ọdún pípẹ́ ni àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ rẹ̀ ti máa ń tún un ṣe nígbàkúùgbà tí ẹnìkejì bá ké sí wọn.

Kí a wo ohun tí ilé-ẹjọ́ náà béèrè. Wọn kò dúró lórí ẹni tí ó ra igi ọgbà. Ta ló ti ń tún un ṣe, ta ló sì ti ń pè é, ni wọ́n béèrè. Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí agbo ilé. Ní abúlé tí ìdílé kan náà ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ ìdílé kejì láti ìran dé ìran, ẹ̀rí irú ìṣe bẹ́ẹ̀ wà. Lórí ojúlé tí awọnlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ní Èkó, kò sí ìṣe ọjọ́ pípẹ́ kankan tí ilé-ẹjọ́ lè gbé yẹ̀ wò. Òfin tí ó gbójú lé ìrántí ni a gbé wá sí ibi tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́lé ni ó ń mọ ògiri. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn ń fi ilé tirẹ̀ tì í. Bí ó bá wó, ẹni àkọ́kọ́ ní àwọn méjèèjì ni wọ́n ń jẹ àǹfààní rẹ̀, ẹnìkejì ní òun kọ́ ni òun mọ ọ́n. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, kò sì sí baálé tí yóò pè wọ́n jáde.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ onílé gbà yọ nínú rẹ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni tí ó bá rìn ní àwọn àdúgbò tuntun Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀. Kálukú ń mọ fẹ́ǹsì tirẹ̀. Búlọ́ọ̀kù méjì dúró ní ẹ̀yìn ara wọn, àyè tí ó wà láàárín wọn kò gba èèyàn, kò gba ìgbálẹ̀. Omi òjò ń dúró síbẹ̀, ó ń jẹ ìpìlẹ̀ ògiri méjèèjì, aláǹgbá sì ń gbé ibẹ̀.